Máàkì 14 Wa Kì í Ṣe Máàkì Ọ̀lẹ

Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àmọ́ n kò kọ lẹ́tà sí yín rí, nítorí pé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò kì í sábà ní ọ̀rọ̀ tó ju èyí tó wà lójú pátákó lọ. Àròkọ kan tó jáde lọ́dọ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní owó ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá apá ọ̀dọ̀ tiwa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lè lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé (PhD) nínú ìmọ̀ sìtátísíìkì, ìyẹn ìmọ̀ bí a ṣe ń kó òǹkà jọ tí a sì ń fi í mọ bí nǹkan ṣe rí, ní òkèèrè. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ pé owó kọ́ ni olórí ìṣòro náà. Àwọn ìwé wa ni kì í lè sọ tẹnu wọn bí wọ́n bá dé iwájú ẹni tí kò mọ̀ wá, àwa tó yẹ ká bá wọn sọ ọ́ sì máa ń dákẹ́.

Ara ọmọ àbúrò mi obìnrin ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba lísáǹsì (oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì) àti másítà (oyè tó tẹ̀ lé e) nínú ìṣirò ní ilé-ìwé gíga kan níbí ní Benin. Ní ìparí ọdún 2021 ó kọ̀wé sí yunifásítì mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó gbà á. Ní ìparí ọdún 2022 ó tún kọ̀wé sí mẹ́sàn-án, méjì gbà á, inú ọ̀kan nínú wọn ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Láàrin ìgbà méjèèjì, orí rẹ̀ kò yí padà, máàkì rẹ̀ kò sì fi ẹyọ kan lé sí i. Bí a ṣe to ìwé rẹ̀ ló yàtọ̀, mo sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí bàbá tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀. Ní ẹ̀ka sìtátísíìkì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá gbà fún oyè ọ̀mọ̀wé kì í sábà san owó ilé-ìwé. Ẹ̀ka náà ló ń san án fún un, wọ́n á sì tún máa fún un ní owó tí yóò fi jẹun, tí yóò sì fi sanwó ilé. Òun náà yóò máa bá wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tàbí kó máa bá pùròfẹ́sọ̀ kan ṣe ìwádìí. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò, ẹni tó ní lísáǹsì nìkan sì lè bọ́ sí i láìkọ́kọ́ gba másítà, ohun tí àwa tí ètò Faransé tọ́ dàgbà máa ń rò pé irọ́ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀yìn másítà ni, ọdún mẹ́ta sì ni àdéhùn tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ń gba owó oṣù. Òótọ́ ni pé àwọn owó ìrànwọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ọmọ orílẹ̀-èdè wọn àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ló lè gbà á. Òótọ́ sì ni pé owó ilé-ìwé tí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ń bù lé àlejò pọ̀ ju ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ, ẹ̀ka tó bá sì gbà á ló máa ru ẹrù náà. Ìdí nìyí tí àyè fún àlejò fi mọ níwọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣáínà àti Íńdíà tó gbójú nínú ìṣirò sì ń bá wa dù ú. Síbẹ̀ àyè náà wà, ẹnì kan ló sì ń wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Owó tó ń dun èèyàn ni èyí tó ṣáájú ìgbàwọlé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba dọ́là 75 sí 125 lórí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí mẹ́sàn-án, kó tó san ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, owó rẹ̀ ti ń lọ sí ìdajì mílíọ̀nù fránkì séfà, ní ilẹ̀ tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 52,000 fránkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni pé a lè bẹ̀ wọ́n: yunifásítì mìíràn máa ń yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá kọ̀wé ṣàlàyé pé agbára òun kò gbé e. Nígbà kejì, ọmọ wa kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ka mẹ́rin, mẹ́ta sì ní kó má san kọ́bọ̀. Ojú tì í kó tó kọ ọ́. Àwa tí a máa ń ná ata ní ọjà Kétu títí ọlọ́jà yóò fi bú sẹ́rìn-ín, ojú ń tì wá láti ná fọ́ọ̀mù.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ máàkì tí mo fi ṣe àkọlé. Lọ́dọ̀ wa, orí 20 ni a ń gbé e lé. Ẹni tó gba 10 ti yege. 12 ni a ń pè ní «assez bien», 14 ni «bien», 16 ni «très bien», ọ̀pọ̀ kíláàsì ìṣirò ní yunifásítì ni kò sì sí ẹni tó ń fojú kan 16 nínú wọn. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi máa ń sọ pé 20 ti Ọlọ́run ni, 19 ti olùkọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ pín ìyókù, èmi náà sì fi àwàdà yìí kọ́ ọmọ ẹlòmíràn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí ìwé yìí bá dé iwájú pùròfẹ́sọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní òkìtì ìwé mìíràn láti kà ní ọjọ́ náà, àwàdà ti tán níbẹ̀. Ohun tó máa rí ni pé 14 nínú 20 jẹ́ 70 nínú 100, 70 nínú 100 sì jẹ́ C lọ́dọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fẹ́ gba ẹni tí máàkì rẹ̀ lápapọ̀ kò tó B sí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Báyìí ni ọmọ tó ṣe ipò kejì nínú kíláàsì rẹ̀ ṣe di ọ̀lẹ láàrin ìṣẹ́jú kan, láìsí ẹni tó ro ibi sí i.

Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ wa tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kún un. Fọ́ọ̀mù kan béèrè máàkì rẹ̀ lápapọ̀, ó sì rí i pé orí 4 ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé tiwọn lé. Ó mú 13.8 tirẹ̀, ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ó kọ 2.76. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tún ìṣirò náà ṣe, mo ní ó tọ̀nà. Ó tọ̀nà lóòótọ́, àmọ́ 3 ni B wọn, a sì ti fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tó B. Nígbà kejì a ka ìlànà fọ́ọ̀mù dáadáa, a rí i pé wọ́n ní kí ẹni tó wá láti òkèèrè kọ máàkì rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀, kó má ṣe yí i padà. Ó kọ 13.8 nínú 20. Lẹ́yìn náà ni a lọ bá ilé-ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n kọ ìwé kan fún wa tí yóò sọ ipò rẹ̀, kì í ṣe máàkì rẹ̀ nìkan. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni a fi ń lọ tí a ń bọ̀ lórí ojú ewé kan yẹn, nítorí pé akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò béèrè irú rẹ̀ rí. Nígbà tó jáde, ìlà méjì tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé ó ṣe ipò kejì láàrin akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọjá 14 nínú gbogbo wọn ní ọdún náà. Ẹni tó bá ka ìlà méjì yẹn kò ní pe 13.8 ní C mọ́.

Ohun kan tún wà tí àwa fúnra wa kò mọ̀ pé a ní. Àwọn ẹ̀ka yìí kì í wá ẹni tó ti kọ́ sìtátísíìkì púpọ̀. Ìṣirò ni wọ́n ń wá, pàápàá èyí tó ní ẹ̀rí nínú, ìyẹn àlàyé tí a ń tò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣirò kan jẹ́ òótọ́: aljébrà onílà, ìmọ̀ ìṣeéṣe, àti èyí tí wọ́n ń pè ní real analysis, tí àwa ń pè ní «analyse». Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà máa ń dé ọdún kẹta yunifásítì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀rí ìṣirò gidi. Àwọn ọmọ tiwa ń ṣe é láti ọdún kìíní lísáǹsì, wọ́n ń ṣe é pẹ̀lú omijé. Àmọ́ kí ló wà nínú ìwé máàkì wa? Àmì òǹkà àti orúkọ kúkúrú bíi «Analyse 3», tí kò sọ ohun kan fún ẹni tó wà lókè òkun. Nítorí náà, ọmọ wa kọ ojú ewé méjì tó to kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀, iye wákàtí, àti ìwé tí olùkọ́ tẹ̀ lé. (Fún àwọn àgbà tó máa ń bi mí pé kí ló kàn wá nínú ìmọ̀ Òyìnbó yìí: òfin kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sìtátísíìkì gbọ́dọ̀ kọ́, orúkọ èèyàn méjì ni wọ́n fi ń pè é, Rao àti Blackwell. Rao ọmọ Íńdíà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1945, Blackwell sì dá a rí fúnra rẹ̀ ní 1947. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni Blackwell.)

Ibi tó dùn mí jù ni lẹ́tà ìjẹ́rìí. Olùkọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè pé kó jẹ́rìí sí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í ránṣẹ́ láti orí líǹkì tí yunifásítì fi sínú ímeèlì rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo ìdáhùn ọdún àkọ́kọ́ ti dé, mo lọ kí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, ó sì fi ìdùnnú fi ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ hàn mí. Ìlà mẹ́ta ni. Ó ní òun tí òun fọwọ́ sí ìwé yìí ń jẹ́rìí pé ọmọbìnrin náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun, pé ó máa ń wá sí kíláàsì déédéé, ó sì níwà, àti pé òun fún un ní ìwé náà kó lè lò ó níbi tó bá yẹ. Lábẹ́ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ roboto aláwọ̀ búlúù wà, ìfọwọ́sí sì gba àárín òǹtẹ̀ kọjá. Òǹtẹ̀ náà gba àyè ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ má bá mi bínú sí pùròfẹ́sọ̀ náà. Bí a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbí nìyẹn, iyì ló sì jẹ́ fún ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún, mo sì rò pé oore ni mo ń ṣe. Ẹni tó bá kà á ní Amẹ́ríkà, ohun tí yóò sọ lọ́kàn rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́ ọmọ yìí fún ọdún méjì kò rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀ ju pé ó ń wá sí kíláàsì. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí olùkọ́ sọ ìgbà tó ti mọ ọmọ náà, ohun tó rí i tó ṣe, àti bó ṣe rí ní ẹ̀gbẹ́ àwọn mìíràn tó ti kọ́ rí, pàápàá àwọn tó ti lọ sí òkèèrè tí wọ́n sì ṣe dáadáa.

Nígbà kejì, mo mú kọ̀ǹpútà ọmọ náà dání, mo padà lọ bá pùròfẹ́sọ̀ yẹn nílé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, «Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa yin ọmọ náà ni? Wọn á ní mo gba owó lọ́wọ́ yín.» Mo ní, «Ẹ má yìn ín, Pùròfẹ́sọ̀. Ohun tí ẹ rí i tó ṣe ni kí ẹ sọ.» Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní òun rántí òwúrọ̀ kan tí òun ń kọ ẹ̀rí kan sójú pátákó, tí òun gbé «limite» wọ inú «intégrale» láìsọ ohun tó fún òun láṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ń kánjú. Gbogbo kíláàsì ń dà á kọ. Ọmọ wa nìkan ló nawọ́, tó ní, «Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe?» Òun fẹ́ bínú, òun wo pátákó, òun rí i pé kò ṣeé ṣe àfi tí a bá fi ìlà kan kún un, òun sì ní kó wá kọ ìlà náà fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́. Mo ní, «Pùròfẹ́sọ̀, ọ̀rọ̀ tí à ń wá nìyẹn.» Ojú ewé kan àti ààbọ̀ ni lẹ́tà ọdún yẹn, ìtàn pátákó yẹn ló sì wà láàárín rẹ̀.

Ó ku ìṣòro ímeèlì. Líǹkì tí àwọn yunifásítì fi ránṣẹ́ sí pùròfẹ́sọ̀ ti lọ sápamọ́ sáàárín àwọn ìpolówó ọjà nínú àpótí ímeèlì rẹ̀, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀ kí a tó wá a rí. Àdírẹ́sì tara rẹ̀ ló ń lò, bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé èyí tí ilé-ìwé fún wọn kì í ṣiṣẹ́ déédéé. Àwọn fọ́ọ̀mù mìíràn kò sì fẹ́ àdírẹ́sì tara ẹni, wọ́n ní ti ibi iṣẹ́ ni kí olùkọ́ lò kí àwọn lè mọ̀ pé òun gan-an ni. Bí aláṣẹ ilé-ìwé gíga kankan bá ń ka lẹ́tà yìí, àdírẹ́sì ímeèlì tó ń ṣiṣẹ́ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kò wọ́n tó ògiri tuntun tí a ń mọ yí ọgbà ká.

Ní ti àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe, ti ọdún àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn ìṣirò. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà kejì ó kọ nípa ìwé òjò. Nígbà tó ń ṣe másítà, ó lọ da àkọsílẹ̀ òjò kọ ní ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní agbègbè wa, ìwé ńlá onílà pupa tí wọ́n ń kọ iye òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú ọwọ́. Àwọn àlàfo pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé àìbìkítà ni, ó fẹ́ yọ àwọn ọjọ́ náà kúrò kó ṣírò ìyókù. Bàbá arúgbó tó ń kọ ìwé náà ló sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ ni òun ń gùn láti abúlé wá, bí òjò bá sì ti rọ̀ jù, odò máa ń kún bo ọ̀nà, òun kì í lè wá. Nítorí náà, àwọn ọjọ́ tí òjò pọ̀ jù gan-an ni kò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá yọ àlàfo sọnù yóò ní òjò Kétu kéré ju bó ṣe rọ̀ lọ, àgbẹ̀ tó bá sì gbára lé ìṣirò rẹ̀ yóò jìyà. Láti ọdún 1976 ni Donald Rubin, onímọ̀ sìtátísíìkì kan, ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí ìbéèrè yìí, pé kí a tó fojú fo ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, kí a bi ara wa bóyá ohun tó mú un sọnù ní ọwọ́ nínú iye rẹ̀. Ọmọ wa ka ìyẹn, ó wo ìwé òjò, ó sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ lọ ṣe nìyẹn, ó dárúkọ àwọn pùròfẹ́sọ̀ méjì ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ wọn sún mọ́ ọn. Nínú àwọn yunifásítì méjì tó gbà á, ọ̀kan pè é lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó gbà á. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í dá lórí bàbá oníkẹ̀kẹ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà wá jù, àmọ́ kí a má fojú di í. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEFL tàbí IELTS ni ọ̀pọ̀ ń béèrè, ọdún méjì ni èsì rẹ̀ ń lò, nítorí náà kò dára kí èèyàn ṣe é tètè jù. Ní ti GRE, ìdánwò àpapọ̀ tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba oyè gíga, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn 2020, kí olúkúlùkù wo ojú òpó ẹ̀ka tó fẹ́ kó tó lọ sanwó. Ohun tó le fún àwa tí a kàwé lédè Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ẹnu, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ́ni gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ, àwọn yunifásítì kan sì ní máàkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún apá ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ wa gba ọ̀nà tó wà nítòsí. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló sọ àwa di ẹlẹ́dè Faransé, tó sì sọ àwọn ìbátan wa ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, di ẹlẹ́dè Gẹ̀ẹ́sì. Ó lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó sì fi òfin de àwọn ọmọ ilé pé wọn kò gbọdọ̀ bá òun sọ Yorùbá àfi bí oúnjẹ bá délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago wà níbẹ̀, tó ṣì ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ gbèdéke máa ń bọ́ sí oṣù Kejìlá, àwọn mìíràn sì máa ń wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Ní alẹ́ ọjọ́ gbèdéke yunifásítì kan ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ní 2021, iná lọ ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ nígbà tó ku ìwé kan ṣoṣo láti gbé sókè. Bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú. A jókòó sórí ẹní, a ń wo aago lórí fóònù mi títí ó fi kọjá òru. Ọmọ náà sunkún. Mo ní ó ti tán, kó lọ sùn. Iná dé ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo dìde lọ pa á, mo sì padà sùn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ fún wa pé agogo ti ibẹ̀ ni wọ́n ń lò, àti pé agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta alẹ́ tiwọn, nínú oṣù Kejìlá, jẹ́ agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú kan ní Kétu. Wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin ló kù fún wa nígbà tí mo pa fáànù yẹn.

N kò sọ pé Amẹ́ríkà nìkan ni kí a máa wò. Láìpẹ́ yìí ni ìjọba wọn tún mú ọ̀rọ̀ físà le sí i fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ẹni tí yunifásítì gbà kò sì tíì rí físà. Ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi, wọ́n sì ń fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. AIMS, àjọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003, tó sì ti dé Sẹ̀nẹ̀gà, Gánà, Kamẹrúùnù àti Rùwáńdà, ń fúnni ní másítà ìṣirò láìgba owó. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, yóò sì ní olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Yunifásítì Hasselt ní Bẹ́ljíọ̀mù náà ní másítà sìtátísíìkì tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ẹni tó bá sì rí ìdáhùn rere láti Amẹ́ríkà, kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní fi dandan mú ẹni tí wọ́n fún ní owó ìrànwọ́ láti dáhùn kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Kó fara balẹ̀ dúró de ìyókù. Àwọn tó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí a mú 300,000 fránkì wá kí àwọn bá wa «gba àyè», ẹ yẹra fún wọn, nítorí pé kò sí iṣẹ́ kankan nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ tí wọ́n lè báni ṣe.

Olóòtú Àgbà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tó di oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé olùkọ́ tí a bá bẹ̀ ní oṣù Kọkànlá kò ní ráyè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú pátákó. Ìwé ipò tí ilé-ìwé kọ fún ọmọ wa wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi yíǹkì bo orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tàbí òbí tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lè gba ọ̀dọ̀ yín béèrè, n ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
Kétu